Súwẹ́tà Tó Ń Ṣiṣẹ́ Lórí Àga

Ní ilé-iṣẹ́ náà, súwẹ́tà ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ tutù bíi pé ẹja ni wọ́n ń kó pa mọ́ síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tí kò ní tiẹ̀. Bí o bá fẹ́ lọ jẹun, wàá bọ́ súwẹ́tà rẹ sẹ́yìn àga. Bí inú bá ń run ọ́, súwẹ́tà á jókòó dè ọ́. Ọ̀gá kì í béèrè iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ṣe. Ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń wo àga. Ẹni tí àga rẹ̀ bá ṣófo ti wọ gàù, yóò gbọ́ èébú lójú gbogbo èèyàn.

Obìnrin tí à ń wí yìí ń ya àwòrán ilé níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń ya yàrá ìjẹun fún ẹbí tí kò mọ̀ rí, á fi àga yí tábìlì ká, á ya fèrèsé síbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ á ti máa wọlé. Tirẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ ti máa ń ṣú kó tó délé. Ṣùgbọ́n owó náà dáa, ká má parọ́. Òun ló gba ilé tó jọjú, òun ló fi ọmọ sí iléèwé gidi, òun ló ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún màmá rẹ̀. Bó bá ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, màmá á ní, "Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ṣé èébú ń dá ọgbẹ́ síni lára ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Asọ̀rọ̀-má-sinmi, bi í léèrè ohun tí súwẹ́tà wà fún. Ẹsẹ̀ bàtà kan ni ìyá rẹ̀ ń wá lọ́wọ́, ó kàn fèsì pé, "Bí súwẹ́tà mi bá ti wà lórí àga, èmi náà wà níbẹ̀ nìyẹn." Ọmọ náà mi orí pé òun ti gbọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin tó ń jókòó tì í níbi iṣẹ́ bá tirẹ̀ lọ láìdágbére. Súwẹ́tà rẹ̀ kò tẹ̀lé e. Afẹ́fẹ́ á máa gbé apá rẹ̀ sókè jẹ́jẹ́, á tún sọ ọ́ kalẹ̀, bíi pé ó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Nígbà tó yá, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní káàárọ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, Ọ̀gá na ọwọ́ sí súwẹ́tà ọkùnrin náà. "Ẹ wo ọkùnrin yìí! Kì í tètè lọ sílé. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́, ìró rẹ̀ sì jìnnà sí i, bí ẹni pé inú yàrá mìíràn ló ti ń wá. Ó wo apá súwẹ́tà tirẹ̀, kò mọ̀ bóyá ọwọ́ òun wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó bọ́ ọ sẹ́yìn àga, ó sì jáde.

Oòrùn ṣì wà níta. Ó ti gbàgbé pé ó máa ń pọ́n báyẹn lára ògiri. Àwọn èèyàn ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà fúyẹ́, àfi bíi pé ojú oorun ló wà títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Nídìí tábìlì, búláòsì rẹ̀ aláwọ̀ aró wà lẹ́yìn àga, àwo oúnjẹ wà níwájú rẹ̀. Asọ̀rọ̀-má-sinmi ń ròyìn iléèwé fún búláòsì náà. Màmá ké láti ilé ìdáná pé, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹun kó má tutù!"

Ó fẹ́ fa àga náà. Ọmọ rẹ̀ wò ó, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, màmá mi ló wà níbẹ̀."

Ó dùn ún wọra. Fóònù rẹ̀ dún.

"Níbo lo wà?" Ọ̀gá ni. "Mo ti ń bá ẹ sọ̀rọ̀ látàárọ̀, o ò dáhùn!"

"Ilé ni mo wà, sà."

"Irọ́! Súwẹ́tà ẹ nìyí níwájú mi!"

"Ẹ bá mi kí i, sà. Òun lẹ ó máa bá ṣiṣẹ́ lọ."

Ó pa fóònù. Màmá ti yọjú sẹ́nu ọ̀nà tòun ti ṣíbí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ìyá rẹ̀ títí. Ó wá rọra ká búláòsì kúrò lẹ́yìn àga, ó gbé e lé itan.

"Ó yá, ẹ jókòó," ó ní. "Àmọ́ ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi o. Òun kì í já lù ú."