Ọ̀lẹ̀lẹ̀ láti Ìkọ̀lé

Gbogbo obìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi tó wà ní Bódìjà ló ń bínú sí Morẹ́nikẹ́. Wọ́n ní ó ti ya agbéraga. Wọ́n gbé ìrẹsì lọ fún ọkọ rẹ̀ nílé ìwòsàn, ó dá a padà. Wọ́n gé èso sínú abọ́, ó dá ìyẹn náà padà. Ṣé ó kàn ń gbádùn kó máa dójú ti àlejò ni? Ọ̀rọ̀ tí Nọ́ọ̀sì Ọmọ́fẹ́ bá a sọ ló ń dẹ́rù bà á.

Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá Olúgbádé, ọkọ rẹ̀, fà á. Oògùn tí wọ́n ń fà sí i lára ń pa àrùn náà, ó sì ń pa ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara rẹ̀.

"Màdáámù, kòkòrò tí kò lè ṣe èmi àti ẹ̀yin ní nǹkan kan lè pa ọkọ yín," ni nọ́ọ̀sì wí. "Oúnjẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná nìkan ni kí wọ́n máa jẹ. Èyí tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ dákun, ẹ dà á nù."

Ni Morẹ́nikẹ́ bá gbé sítóòfù sẹ́yìn wọ́ọ̀dù, ó ń se oúnjẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kì í jẹ ẹ́. Á tọ́ ọ wò, á kọjú sí ògiri. Tíṣà tí ohùn rẹ̀ ń mi kíláàsì tẹ́lẹ̀ wá rù kan eegun.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìyá Olúgbádé wọlé dé láti Ìkọ̀lé. Mọ́tò ti dẹnu kọlẹ̀ lọ́nà, oòrùn sì ti pa á títí dé Ìwó Road. Ó tú báàgì. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ eléwé ló wà níbẹ̀, ẹyin àti ẹja nínú rẹ̀, èyí tó ti sè láti àná.

"Gbádé mi, tìẹ rèé. Orí ọlọ ni mo ti lọ ẹ̀wà ẹ̀."

Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Ẹ ṣé, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n gbé e pamọ́." Ó ti pinnu pé òun á dà á nù. Obìnrin ìjọ ṣeé lé, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ pé oúnjẹ rẹ̀ léwu?

"Morẹ́nikẹ́," ni Olúgbádé pè é láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Fún mi."

"Dádì Luke, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé e kaná."

"Iná kẹ̀?" Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ṣé oúnjẹ mi dọ̀tí ni, ìyàwó?"

Gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú sí wọn. Ojú ti Morẹ́nikẹ́. Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́, ebi sì hàn lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé ibẹ̀. Morẹ́nikẹ́ tú ewé náà fún un.

Olúgbádé jẹ ẹ́ tán, ó lá ewé, ó rẹ́rìn-ín. Inú Morẹ́nikẹ́ dùn, inú rẹ̀ dùn gan-an ni. Ìyẹn ló burú jù.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìgbẹ́ gbuuru dé, ibà tẹ̀ lé e. Dókítà sọ fún Morẹ́nikẹ́ pé kòkòrò inú oúnjẹ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀. Wọ́n sa gbogbo ipá wọn, pàbó ló já sí. Olúgbádé kú.

Àwọn obìnrin ìjọ kún pálọ̀ ní Bódìjà. Ìyá jókòó sórí ẹní, ó di ọwọ́ Morẹ́nikẹ́ mú.

"Ohun kan ṣoṣo ló ń tù mí nínú," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. "Ọmọ mi jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi kó tó lọ, ó sì yó. Ìyàwó mi yìí ló tú ewé fún un. Olúwa á bá mi san án fún un."

"Àmín," ni wọ́n ń wí.

Ìyá kọjú sí i. "Àbí irọ́ ni mo pa, ìyàwó mi?"

"Òótọ́ ni, Màámi," ni Morẹ́nikẹ́ dáhùn.