Ẹni Tó Dáhùn Lórí Ẹ̀rọ Orí Òkè

Adákẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin kan ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ omi. Kì í ṣe pé ó yadi o. Ó kàn lè jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ títí wọ́n á fi máa ti ilẹ̀kùn, kó má sọ ju "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, àmọ́ èyí tí ọ̀gá rẹ̀ gbé fún un lọ́dún yẹn rú u lójú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọ̀gá náà kì í sábà parí ọ̀rọ̀ láìfi "ó yá" tì í, ìyẹn ni gbogbo wọn ṣe ń pè é ní Ó-Yá tó bá ti kẹ̀yìn sí wọn. Ó ní ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà lórí òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì ńlá tó ń fún ìlú lómi. Ẹ̀rọ yìí ló ń tan pọ́ǹpù, òun náà ló ń pa á. Láti ọ́fíìsì ni wọ́n ti máa ń bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, lórí wáyà, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló sì gbọ́ èdè rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yẹn ti jóná.

"Kọ ètò tuntun tí á máa bá a sọ̀rọ̀," Ó-Yá wí. "Ẹni bá jókòó síbí, kó dà bíi pé iwájú ẹ̀rọ yẹn gan-an ló jókòó sí. Ohun tó bá tẹ̀, kó débẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ bá fọ̀, kó hàn níbí. Ó yá."

"Orúkọ ta ni màá fi wọlé, sà?"

"Ti ẹnjiníà tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà nígbà kan. Ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, àmọ́ pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́."

"Ta ló wà nídìí ẹ̀rọ náà báyìí?"

"Kò sẹ́nì kankan. Inú yàrá títì ló wà. Ó yá, ó yá."

Adákẹ́ padà sídìí tábìlì rẹ̀. Irú èdè tó fi ń kọ ètò, ṣe ni wọ́n ń pín iṣẹ́ nínú rẹ̀ bí ìgbà tí ìyá bá pín iṣẹ́ ilé fún àwọn ọmọ: nǹkan kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹrù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ ti ẹlòmíì. Bó bá fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ èkejì, kó bèèrè. Adákẹ́ dá mẹ́rin sílẹ̀, ó sì sọ wọ́n lórúkọ. Apè ni yóò máa pe ẹ̀rọ. Etí ni yóò máa gbọ́. Ògbufọ̀ á máa túmọ̀. Akọ̀wé á sì máa gbé ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà. Ó yà wọ́n sórí bébà, wọ́n sì dùn ún wò.

Nígbà àkọ́kọ́ tí Apè pe ẹ̀rọ, ẹ̀rọ dáhùn lóòótọ́, àmọ́ ohun tó jáde kò jọ ọ̀rọ̀ ọmọ èèyàn. Àmì wúruwùru ni, bí ìgbà tí adìẹ fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ rìn kọjá lórí bébà. Adákẹ́ gbójú sún mọ́ ọn, ó tún gbójú jìnnà. Ó lọ mu omi. Ó padà dé, wúruwùru náà ṣì wà níbẹ̀ tó ń wò ó.

Ó ka ìwé títí kó tó yé e pé irú àwọn ẹ̀rọ báyìí kì í dédé bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe àdéhùn. Ọ̀kan á ní, "Ṣe báyìí." Èkejì á ní, "Màá ṣe é," tàbí, "Mi ò ní ṣe é." Ta ni yóò máa gbé lẹ́tà tí wọ́n bá tẹ̀ jáde? Báwo ni ojú kọ̀ǹpútà ṣe fẹ̀ tó? Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń sọ gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì rọ́ àwọn nọ́ńbà náà sáàárín lẹ́tà gidi. Ògbufọ̀ ló yẹ kó máa ṣà wọ́n kúrò bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

Ó kọ́ Ògbufọ̀. Wàyí o, bí ẹ̀rọ bá ní, "Ṣe é," Ògbufọ̀ á ní, "Màá ṣe é." Ẹ̀rọ á ní, "Ó dáa, ṣe é." Ògbufọ̀ á tún ní, "Màá ṣe é." Adákẹ́ lọ jẹun ọ̀sán, ó dé, wọn ò tíì kúrò lórí ẹ̀, bí ìyá ọkọ àti ìyàwó tuntun tí wọ́n ń fa "ẹ jókòó", "rárá mà, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jókòó".

Ó-Yá yọjú láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, àbí?"

"Wọ́n ń sọ̀rọ̀, sà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni kò yé mi."

Nígbà tó yá, ó kọ́ Ògbufọ̀ pé ohun tí wọ́n bá ti fẹnu kò sí, kó má tún dáhùn sí i mọ́. Ìyẹn dúró. Àmọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ ń jáde ní méjì-méjì. Ó tún ìyẹn ṣe. Ó wá ku bọ́tìnì tó ń pa lẹ́tà rẹ́ sẹ́yìn. Tó bá tẹ bọ́tìnì yìí, dípò kí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn kúrò, òmíì ló ń yọ jáde. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yìí ló gbé sọ́kàn sùn, òun ló gbé jí, òun ló sì ń rò lọ́wọ́ nígbà tó rí ọ̀nà wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ tó jáde mọ́ tónítóní: E KU ISE. E TE ORUKO YIN.

Ẹnjiníà àtijọ́ yẹn ló kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ní Yorùbá, àmọ́ ẹ̀rọ kò mọ àmì ohùn, kò sì mọ lẹ́tà tí wọ́n fi kókó sí nísàlẹ̀. Adákẹ́ tẹ orúkọ ẹnjiníà, ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù. E KAABO, ẹ̀rọ wí. Ó mí kanlẹ̀. Kó tó mí èkejì, ìlà míì ti yọ.

SE EYIN NI

Adákẹ́ tẹjú mọ́ ọn. Ẹyin? Kí ni ẹ̀rọ omi fẹ́ fi ẹyin ṣe? Eyín? Ó fi ahọ́n kan eyín ara rẹ̀ wò láìmọ̀. Ló bá rántí bọ́tìnì. Ẹ̀yìn! Àdéhùn tó kù ni ẹ̀rọ ń bèèrè: ṣé ẹ̀yìn ni kí bọ́tìnì yẹn máa pa rẹ́? Inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tí tíṣà bi ní ìbéèrè tó mọ̀. Ó tẹ BEENI.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìlà míì tó jáde. SE E SI WA NIBE

Ó ti kà á nínú ìwé pé bí ọ̀nà bá dákẹ́, ẹ̀rọ lè bèèrè bóyá ẹni tó wà lódìkejì ṣì wà níbẹ̀. BEENI.

NIBO LE WA LATI OJO YII

Èyí kò sí nínú ìwé. Adákẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò títí. Bóyá ẹ̀rọ fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń pè é ni. Ó tẹ OFIISI.

E DURO. MO N BO.

Ó gbà pé ọwọ́ ẹ̀rọ dí ni. Ó dúró. Ó dúró títí, kò rí nǹkan kan, ló bá tún ń tú inú Ògbufọ̀ wò bóyá òun ló gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ohun tó wá gbọ́ ni ariwo alùpùpù níta. Ọkùnrin kan já wọlé, bàtà rọ́bà dé orúnkún, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Aṣọ́pọ́ǹpù ni, ẹni tó ń gbé orí òkè tó ń ṣọ́ táńkì, tó sì ń fọwọ́ tan pọ́ǹpù láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti jóná. Kì í sábà sọ̀kalẹ̀ wá sí ọ́fíìsì.

"Bọ̀dá mi dà?" ó bèèrè.

Ó-Yá jáde sí i. "Bọ̀dá wo?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnjiníà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí ẹ̀rọ. Orúkọ wọn yọ. Mo bi wọ́n pé ṣé àwọn ni, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ọ́fíìsì làwọn wà."

Adákẹ́ ti àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ó dìde. "Sà, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ 'ṣé ẹ̀yìn ni'?"

"'Ṣé ẹ̀yin ni' ni mo kọ."

"Ẹ̀yìn ni mo kà á sí."

"Ẹ̀yìn wo?"

"Ti bọ́tìnì. Èyí tó ń pa lẹ́tà rẹ́."

Aṣọ́pọ́ǹpù wo Ó-Yá, ó tún wo obìnrin náà. "Àbúrò, n ò mọ ohun tó ò ń sọ."

"Èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ máà bínú. Èmi ni mo dáhùn. Ẹ̀rọ ni mo rò pé mò ń bá sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin náà wá àga kan jókòó. Díẹ̀díẹ̀ ló ṣàlàyé. Ojú kọ̀ǹpútà kékeré kan wà nínú yàrá tó ń sùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fa wáyà rẹ̀ wá láti ara ẹ̀rọ kí àwọn méjèèjì lè máa tàkúrọ̀sọ bí wọ́n bá wà níbi iṣẹ́. Ó-Yá ní òun ò mọ̀ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì jà. Ẹ̀gbọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó fi ìlú sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́.

"Nígbà tí mo rí orúkọ yẹn," ó wí, "n ò tiẹ̀ dúró ti ilẹ̀kùn."

Ó-Yá tẹjú mọ́ ọn. "Ta ló wá wà nídìí pọ́ǹpù?"

Aṣọ́pọ́ǹpù gbé ọwọ́ lé orí. Ó ti fi pọ́ǹpù sílẹ̀ tó ń fa omi, táńkì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kó tó kúrò níbẹ̀. Bó bá kún àkúnya, inú ilé àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ òkè ni omi yóò wọ́ sí.

"Ṣé ètò tìẹ yìí lè pa á?" Ó-Yá bi Adákẹ́. Kò rántí fi "ó yá" sí i.

"Mi ò mọ̀, sà."

Ó jókòó. Aṣọ́pọ́ǹpù dúró tì í, ó ní, "Tẹ PA POMPU." Adákẹ́ ń kánjú, ó ṣì í tẹ̀. Ó fẹ́ pa á rẹ́, lẹ́tà míì yọ. Ó tún fẹ́ pa ìyẹn rẹ́, méjì yọ. Ó bá fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

KO YE MI, ẹ̀rọ wí.

"Kò yé òun náà," Ó-Yá sọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

Adákẹ́ tún un tẹ̀ pẹ̀lú ìka kan, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni ń rọra fi iṣu sínú omi gbígbóná. Wọ́n dúró. POMPU TI KU, ẹ̀rọ wí. Aṣọ́pọ́ǹpù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló rántí pé òun ti pe ìyá òun kí òun tó gun alùpùpù, pé òun ti sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n ti padà. Ó fa fóònù yọ láti tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ohùn ìyá náà lọ sókè débi pé gbogbo wọn ló ń gbọ́ ọ.

"Màámi, kì í ṣe Bọ̀dá o. Ẹlòmíì ni."

"Mo ti mọ̀ pé kò lè jẹ́ òun. O ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kó o tó gé fóònù."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ni."

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Òun náà ni. Ó máa ń pè mí. Ó ní kí n má sọ fún ẹ, pé ìwọ lo ní o ò fẹ́ gbọ́ ohùn òun mọ́."

"Èmi? Àwọn ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, Màámi. Àwọn ni."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú tiyín?"

Ìyá ka nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n fún un, àmọ́ aṣọ́pọ́ǹpù kò rójú gbá a mú. Adákẹ́ ló gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá a tẹ nọ́ńbà náà sínú rẹ̀.

"Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?" ọkùnrin náà bi í.

Adákẹ́ dá fóònù padà fún un. "Sà, mi ò mọ̀."

Ọkùnrin náà bọ́ síta. Láti ojú fèrèsé, wọ́n rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń tẹ ẹsẹ̀ kan, ó ń gbé èkejì. Wọn ò mọ̀ bóyá òun ló ń sọ̀rọ̀ tàbí òun ló ń gbọ́.

Ó-Yá ní kí wọ́n fún Adákẹ́ ní orúkọ tirẹ̀ lórí ẹ̀rọ kíákíá. Ọ̀rọ̀ bọ́tìnì náà sì padà yanjú: Akọ̀wé ló ti ń tọwọ́ bọ iṣẹ́ Ògbufọ̀ láti ọjọ́ yìí.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ẹ̀gbọ́n náà wá sí ìlú. Àbúrò rẹ̀ mú un wá sí ọ́fíìsì kó lè rí ẹni tó jókòó sórí orúkọ rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, irun orí rẹ̀ ti funfun díẹ̀. Ó wo ètò náà, ó bèèrè ìdí tí wọ́n fi ya Apè àti Etí sọ́tọ̀, ó sì mi orí. Adákẹ́, tí kì í bèèrè ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ṣàdédé bi wọ́n pé kí ni wọ́n tiẹ̀ jà lé lórí.

"Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ ni," ẹ̀gbọ́n wí.

"Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́, Bọ̀dá," àbúrò wí. "Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ níwájú ìyàwó mi ni."

"Mi ò bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Ṣé ẹ rí i? Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn."

Wọ́n yíjú sí ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti ẹ̀gbọ́n, ọ̀tọ̀ ni ti àbúrò. Adákẹ́ gbìyànjú láti tẹ̀ lé e, kò rí i tẹ̀ lé. Ó fa àga méjì wá fún wọn.