Eré tí Òjò Dá Dúró ní Abà Adégbìtẹ́

Ọdún 1983 ni Ògúnsànyà kọ́kọ́ kó ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ láti Agbowó ní Ìbàdàn lọ sí Abà Adégbìtẹ́, abúlé kan lẹ́yìn Moniya. Àwọn ará abúlé ti fi ọwọ́ ara wọn kọ́ gbọ̀ngàn kan, wọ́n sì ní kì í ṣe ìpàdé nìkan ni àwọn fẹ́ máa ṣe níbẹ̀. Àwọn náà fẹ́ wo eré gidi, irú èyí tí àwọn ará ìgboro ń wò.

Ìtàn ìyá kan tó ń wá ọmọ rẹ̀ tó sọnù ni wọ́n ṣe. Jẹ́jẹ́lọlá, tó mọ eré í ṣe ju gbogbo wọn lọ, ló ṣe ìyá náà. Ó ti dé iwájú ilé tí ọmọ wà, ó ti gbọ́wọ́ sókè láti kanlẹ̀kùn, ni òjò bá dé. Páànù gbọ̀ngàn ń pariwo débi pé ẹni tó jókòó níwájú pàápàá ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Wọ́n dúró títí, òjò ò dá. Dẹ́rẹ́bà ní bí àwọn ò bá tètè kúrò, ọkọ̀ á rì sínú ẹrẹ̀. Ni wọ́n bá palẹ̀ ẹrù mọ́.

Màmá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Sẹ̀kínátù, ẹni tó dáná fún wọn lọ́jọ́ náà, di Jẹ́jẹ́lọlá lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un?"

"Ẹ má jẹ́ n sọ ọ́ lẹ́nu, màmá. A ó padà wá ṣe é, kí ẹ fojú ara yín rí i."

Wọn ò tíì pẹ́ dé Ìbàdàn tí àwọn elétẹlifíṣọ̀n fi ránṣẹ́ sí Ògúnsànyà pé kó máa wá ṣeré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò pẹ́ tí kò fi lè rìn ní Dùgbẹ̀ kí wọ́n má pe orúkọ tó ń jẹ́ nínú eré. Orí rẹ̀ wú.

Jẹ́jẹ́lọlá ò gbàgbé. "Ọ̀gá, àwọn ará Abà Adégbìtẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á máa rí wa nínú tẹlifíṣọ̀n."

"Iná wo ni wọ́n ní tí wọ́n á fi wò ó?"

Ògúnsànyà ní tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn á lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó tún kọjá. Nígbà tó yá, Jẹ́jẹ́lọlá ò béèrè mọ́. Ó lọ́kọ, ó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Jos.

Lọ́dún 1988, àwọn elétẹlifíṣọ̀n fi fíìmù òyìnbó rọ́pò eré wọn. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ yìí ni Ògúnsànyà tó rántí abà. Ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ. Ohun tó ń dùn ún lójú ọ̀nà ni pé ká ní wọn ò dá òun dúró ni, òun kì bá tí lọ.

Gbọ̀ngàn kún. Ọmọbìnrin kan, Zùwáírátù, fa ìyá ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé, ó fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú. Sẹ̀kínátù ni. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Ògúnsànyà dọ̀bálẹ̀.

"Ta nìyí?"

"Èmi Ògúnsànyà ni, màmá. Àwa eléré ìjọ́sí."

"Ẹ pẹ́ o."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì dun Ògúnsànyà.

Wùnmí, ọmọ tuntun nínú ẹgbẹ́, ló ṣe ìyá. Ó kanlẹ̀kùn, wọ́n ṣí i, ọmọ fò mọ́ ọn. Gbogbo gbọ̀ngàn hó. Sẹ̀kínátù tẹ́tí sí ariwo náà, ó wá yíjú sí Zùwáírátù.

"Ojú ìyá ńkọ́? Báwo ló ṣe rí?"

"Ó ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń sunkún."

Màmá wá mirí. "Èmi ti gbà pé wọn ò ṣí i fún un. Láti ọjọ́ yìí, ìta nínú òjò ni mo ń rí i."

"Ẹ foríjì wá, màmá," ni Ògúnsànyà wí.

"Kò sí nǹkan. Ọmọbìnrin ọjọ́sí ńkọ́? Ohùn rẹ̀ kọ́ ni mo gbọ́ yìí."

"Ó ti bá ọkọ lọ sókè Ọya."

"Ẹ bá mi kí i."

Ògúnsànyà ní òun á jẹ́ iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ wọn ti ń sún mọ́ Bódìjà kó tó sọ fún Wùnmí pé òun ò mọ ilé tí Jẹ́jẹ́lọlá ń gbé ní Jos. Lọ́jọ́ tó wá dágbére, òun ń kánjú lọ sí ilé tẹlifíṣọ̀n ni, òun ò dúró gbọ́ ọ tán.