Àmì Ara Káàdì Ìbídùnní

1.
…nígbà yẹn, Rufus ọkọ mi ṣì wà láyé. Ìyá wa ṣì wà. Wọ́n gún Ìbídùnní àbúrò mi lábẹ́rẹ́ kan ní ọsibítù ní Àkúrẹ́, ojú rẹ̀ wú, èémí há sí i lọ́fun. Dókítà ní wọn kò gbọdọ̀ fún un ní irú rẹ̀ mọ́ láéláé. Ó kọ orúkọ oògùn náà sínú káàdì.

Mo rí oògùn náà. N ò mọ orúkọ rẹ̀ kà.

2.
Àtẹ̀jíṣẹ́ Akíntúndé, ọmọ Ìbídùnní, láti Òǹdó. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Wọ́n kà á fún mi:

*Màmá Ìsìkàn, a ti gbé Màmá dé ọsibítù. Wọ́n fẹ́ gún wọn lábẹ́rẹ́. Èwo ni ara wọn kọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí.*

3.
Mo rántí pé oògùn náà funfun. Gbogbo wọn ló funfun.

4.
Mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá láti Ìsìkàn, àdúgbò mi ní Àkúrẹ́, lọ sí ọsibítù àtijọ́ yẹn. Fìyìnfólúwa ọmọ ọmọ mi ló ń tọ́jú ẹ̀rọ wọn. Wọ́n ti ya fọ́tò gbogbo káàdì sínú kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sáfà, wọ́n sì ti sun bébà rẹ̀.

Fìyìn rí orúkọ Ìbídùnní. Ó tẹ̀ ẹ́ kó ṣí. Mo da èsì rẹ̀ kọ, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì:

P e r m i s s i o n   d e n i e d

Ó ní wọn ò gbà wá láàyè ni.

5.
Ohun tí Fìyìn ṣe:
— Ó wo okùn. Kò já.
— Ó pa sáfà, ó tún un tàn. Rárá.
— Ó ṣí fáìlì náà sílẹ̀ gbayawu fún gbogbo ayé. Rárá náà ni.
— Ó pe Jesse tó tún sáfà tò ní Sátidé. Kò gbé e.

6.
*Màmá Ìsìkàn, Màmá ò mí dáadáa mọ́. Dókítà ní òun ò lè dúró pẹ́.*

7.
FÌYÌN: Ẹ̀ṣọ́ kan ń bẹ nínú Linux yìí, ètò tó ń darí sáfà, Màmá. Òun ló ń dá wa dúró. N ò tíì mọ ìdí.
ÈMI: Pa á.
FÌYÌN: Ọ̀gá wa, Adédèjì, ní ẹni tó bá pa á, ilé lonítọ̀hún ń lọ. Káàdì gbogbo ìlú ló ń ṣọ́.
ÈMI: Àbúrò tèmi ńkọ́?

8.
Jesse pè padà. Ó ní òun kò ṣe nǹkan kan, òun kàn kó àwọn fáìlì láti ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ wá síbi tuntun ni.

Mo ní bí wọ́n ṣe kó èmi náà wá láti Òǹdó nìyẹn. Ẹrù mi pé, ọkọ mi wà níbẹ̀, ọdún mẹ́ta gbáko ni ará Ìsìkàn fi ń bi mí pé ta ni mo wá kí. Ahọ́n Òǹdó ló wà lẹ́nu mi.

Ọwọ́ Fìyìn dúró lórí ẹ̀rọ.

"Àmì," ó ní. "Jesse ò da fáìlì náà kọ, ó kó o ni. Àmì ilé àtijọ́ ṣì wà lára rẹ̀. Òun ni ẹ̀ṣọ́ ń wò."

Ìlà kan ṣoṣo ló tẹ̀, láti fi àmì ilé tuntun sí i.

9.
Ó ṣí.

Fìyìn ka orúkọ oògùn náà sétí Akíntúndé lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mejì. Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Akíntúndé ní òun ti gbọ́. Ó ń sáré.

10.
Ìwé tí ọsibítù fún Akíntúndé ní Òǹdó. Wọ́n kà á fún mi:

Abẹ́rẹ́: ọ̀sán.

Wọn ò kọ aago.

11.
Mo bi Akíntúndé pé ṣé kí a tó pè ni wọ́n gún un, àbí wọn ò gún un ní èyí tí ara rẹ̀ kọ̀ rárá.

"Màmá Ìsìkàn, ẹ jẹun."

Fìyìn jókòó tì mí. Kò bi í. Èmi náà ò tún bi í mọ́.

12.
Ọjọ́bọ̀ yẹn ni Ìbídùnní kú.