Ìwé Ìrọ̀rí Tí Kò Parí

Ìrọ̀rí tí Ìyá Onírọ̀rí ń ṣe nínú pálọ̀ ilé rẹ̀, bí ẹ bá gbé e sábẹ́ orí àkùkọ, àkùkọ ọ̀hún á gbàgbé láti kọ títí di ọjọ́ kẹta. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tíì pè é ní onírọ́, torí gbogbo ẹni tó yẹ kó pè é bẹ́ẹ̀ ló ti sùn lọ. Òwú ti gba ilé lọ́wọ́ onílé. Òwú wà lórí àga, òwú wà nínú ọbẹ̀, òwú wà nínú irùngbọ̀n ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ kafíńtà, débi pé àwọn oníbàárà ń dọ̀bálẹ̀ kí i pé, "Baba arúgbó, ẹ ó pẹ́ fún wa o," ọkùnrin náà kò sì tíì pé ogójì ọdún.

Ìwé kíkọ nìkan ni apá obìnrin yìí ò ká. Ó lè fi ẹnu ta ìrọ̀rí fún ẹja inú omi, ṣùgbọ́n tó bá mú bírò, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ọwọ́ ẹni tó gbá ejò mú nídìí.

Àfi bí máníjà òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan ṣe ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun ń wá ẹni tó máa ṣe ìrọ̀rí sí ogójì yàrá. Ó ní kí ẹni tó ń ṣe ìrọ̀rí fúnra rẹ̀ kọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé, kí òun lè fi síbi tí àwọn àlejò á ti máa kà á. Ogójì yàrá! Tí iṣẹ́ yẹn bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ọkọ rẹ̀ á kan ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀yìnkùlé, pálọ̀ á padà di pálọ̀, ọbẹ̀ á padà di ọbẹ̀. Àmọ́ onítìmùtìmù òpópónà kejì ti kọ ojú ìwé méjìlá sílẹ̀, ó tún lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ ọn.

"Ìwọ ńkọ́?" ni ọkọ rẹ̀ bi í. "Tí ìwọ bá kọ orúkọ ara rẹ lásán, wọ́n á ní adìyẹ ló tú ilẹ̀."

"Màá gba ẹni tó máa bá mi kọ ọ́."

"Ta la máa wá sọ pé ó kọ ọ́?"

"Èmi ni! Òun á kọ ọ́, èmi á ni ín. Ṣé télọ̀ ló ń wọ aṣọ tó bá rán fún èèyàn ni?"

Bí Akọ̀wé Má-fi-mí-hàn ṣe dé láàárọ̀ Ọjọ́rú nìyẹn. Ọkùnrin náà tín-ín-rín bíi bírò tó ń lò, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Ó ti kọ ìtàn ìgbésí ayé fún èèyàn mẹ́sàn-án, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gbà pé òun mọ̀ ọ́n rí.

"Àǹtí," ó ní, "mi ò kì í kọ ohun tí mi ò bá fara kàn. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ rí mi. Bí máníjà bá dé, èmi ò sí láyé."

"Ẹ ṣọ́ra o, Akọ̀wé. Ẹni tó bá fara kan ìrọ̀rí mi, oorun ló ń kó o lọ."

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti tó ọdún méje tí èmi àti oorun ti kíra gbẹ̀yìn. Kí ni ìrọ̀rí fẹ́ fi mí ṣe?"

"Háà! Ìjà lẹ pè é yẹn o!"

Ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ tó dáa jù sórí tábìlì inú yàrá. Akọ̀wé gbé àgbọ̀n lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. Ìyá Onírọ̀rí ń gbọ́ bírò láti pálọ̀: ṣárá-ṣárá-ṣárá. Nígbà tó yá, kẹ́kẹ́ pa. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ọ̀rọ̀ ńlá ló ń bọ̀, àwọn ọlọ́gbọ́n kì í pariwo.

Ọ̀sán pọ́n kó tó yọjú wò ó. Akọ̀wé ti lọ! Ó ń hanrun débi pé kọ́tìnnì ń wọlé, ó ń jáde. Ìyá Onírọ̀rí lu ìkòkò sí i létí. Kafíńtà kan ìṣó mọ́kànlélógún mọ́ ògiri tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Wọ́n da omi tútù sí i lẹ́sẹ̀, ọkùnrin náà ní, "Ẹ ṣeun, ẹ bá mi pa fèrèsé dé." Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ṣú, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ mọ́ bá a.

Kafíńtà rọra fa ìwé náà yọ, ó kà á sókè: "Èmi ni mo ń fọwọ́ tú òwú yìí, n kì í jẹ́ kí kóró kan ṣẹ́kù síbẹ̀. Bí o bá gbé orí lé ìrọ̀rí mi, wàá kọ́kọ́ rò pé ojú rẹ ṣì là. Lẹ́yìn náà, ọrùn rẹ á..." Ibẹ̀ ni bírò ti yọ̀, tó gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ títí ìwé fi tán.

Kò-kò-kò, bàtà máníjà ti dé ẹnu ọ̀nà.

Máníjà obìnrin náà wọlé, ó jókòó, ó fi awò sójú, ó gba ìwé náà, ó kà á. "Ó dùn. Ìyókù rẹ̀ ńkọ́?"

Irọ́ mẹ́rin ti tò sẹ́nu Ìyá Onírọ̀rí, wọ́n ń ti ara wọn: eku ti jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ... Àfi ìgbà tí nǹkan bú ramúramù nínú yàrá.

"Kí nìyẹn?" ni máníjà wí.

Ìyá Onírọ̀rí mí kanlẹ̀. "Ìyókù rẹ̀ nìyẹn, mà. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Ìrọ̀rí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò mọ̀wé kọ. Mo gba akọ̀wé, mo fẹ́ fi í pa mọ́ fún yín, ìrọ̀rí mi ló tú mi láṣìírí."

Máníjà dìde. Ó wọnú yàrá, ó fa ìrọ̀rí kúrò lábẹ́ orí Akọ̀wé. Ojú ọkùnrin náà là páú. "...ọrùn rẹ á rọ̀," ó ní, kó tó rí àlejò. "Yéè! Ẹ ò rí mi o! Mi ò sí láyé!" Máníjà ti ìrọ̀rí padà sábẹ́ orí rẹ̀. Akọ̀wé tún sùn lọ. Obìnrin náà fà á, ó tì í, ó tún fà á, bí ẹni ń tan iná tó ń pa á.

"Mo ka ojú ìwé méjìlá ti onítìmùtìmù tán pátá," ni máníjà wí, "mi ò tilẹ̀ yán. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe ti ogójì yàrá. Bí ìwé yìí ṣe rí yìí náà ni màá ṣe fi síbẹ̀, tòun ti ìlà tó ṣubú. Àmọ́ ẹ kọ òótọ́ tẹ́ ẹ sọ fún mi yẹn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀."

Ìyá Onírọ̀rí fúnra rẹ̀ mú bírò. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó kọ ọ́ gbàgẹ̀rẹ̀: *Akọ̀wé Má-fi-mí-hàn ló kọ ọ́. Ìrọ̀rí mi ló dá a dúró.*

Ọkọ rẹ̀ yọjú wo ìwé náà láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Adìyẹ mà ti tú ilẹ̀ o."

"Ẹ jẹ́ ó tú u," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Adìyẹ tó bá tú ilẹ̀ ló ń rí jẹ. Ẹ lọ gbé ayùn yín, ẹ̀yìnkùlé ń dúró de ṣọ́ọ̀bù."