Ọba Àlàájì

"Jókòó síbẹ̀, ìjókòó Àlàájì ni."

Raliatou jókòó. Ibẹ̀ ni Àlàájì bàbá ẹ̀ máa ń wà ní kílọ́ọ̀bù wọn ní Treichville, níbi tí wọ́n ti ń ta échecs, ayò ọba àti ayaba orí pátákó, kí ikú tó mú un lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ayò tí òun àti Taïrou ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń ta lọ́wọ́ ṣì wà lórí tábìlì, ẹnì kan ò fọwọ́ kàn án. Taïrou ní kí Raliatou wá bá bàbá ẹ̀ parí ẹ̀. Òun náà kúkú ń ta níbẹ̀, bàbá ló kọ́ ọ.

Àwọn èèyàn ń kí i kú ọ̀fọ̀ pé yako, yako. Ó ń dáhùn pé ẹ ṣé, bí ẹni ń dá oníbàárà lóhùn. Omi ò tíì jáde lójú ẹ̀ látọjọ́ náà. Nígbà táwọn ọkùnrin gbé òkú lọ sí itẹ́, àwọn obìnrin dúró sílé bí Mùsùlùmí ṣe ń ṣe é. Ìrẹsì lòun ń ṣà. Kò rí ibi tí wọ́n tẹ́ bàbá sí. Ó kàn ń ṣe é bíi pé bàbá lọ ra obì l'Ányama ni, tí kò tíì rí ọkọ̀ gbaka wọ̀ padà.

Ó wo pátákó. Ọba bàbá ti há sí kọ̀rọ̀, ẹṣin Taïrou sì dínà mọ́ ọn. Kò sọ́nà àbáyọ mọ́.

Taïrou ló kàn. Ó na ọwọ́, ó fi ẹṣin sílẹ̀, ó wá gbé ayaba ẹ̀ síbi tí ọmọ ogun Raliatou á ti jẹ ẹ́ gbalaja. Ọmọdé ò jẹ́ ta á bẹ́ẹ̀.

"Tonton, ẹ gbé e padà."

"Mo ti fọwọ́ kàn án, mo ti ta á nìyẹn. Jẹ ẹ́. Kí Àlàájì borí."

"Tó bá jẹ́ bàbá ló jókòó síbí, ṣé ẹ máa fún wọn?"

Taïrou wolẹ̀. Ó ní Àlàájì ìbá ti da pátákó nù, kó tún bú òun mọ́ ọn.

Raliatou ò jẹ ayaba náà. Ọba bàbá ẹ̀ ló mú, ó rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀, bí ẹni tó bá gbà pé òun ti fìdí rẹmi ṣe ń ṣe níbẹ̀. Ó wò ó títí.

"Ní itẹ́, apá ọ̀tún lẹ fi bàbá lé?"

"Apá ọ̀tún ni."

"Ibo lẹ kọjú wọn sí?"

Taïrou nàka síbi tí wọ́n ń kọjú sí tí wọ́n bá ń kírun. Raliatou fi ìka kan yí ọba náà síbẹ̀, ó tún un ṣe díẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn yòókù sínú àpótí, ọ̀kọ̀ọ̀kan.