Dókítà Ń Retí

Ògbufọ̀ ni mí nílé ìwòsàn. Ohun tí dókítà bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ, èmi ni mo ń fi Yorùbá sọ ọ́ fún aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi kún un, a kò sì gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀. Àmọ́ dókítà tọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní orí, kò ní ìdí.

Ìyàwó télọ̀ kan ló jókòó tì mí. Ọkọ rẹ̀ já bọ́ lórí àkàsọ̀, ó fẹ̀yìn balẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì mira mọ́. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni bàbá náà fi ń ránṣọ láti kékeré. Ẹnìkan fẹ́ rà á, ó sì fẹ́ gbọ́ èsì kó tó dalẹ́.

“Mama fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n tà á,” ni mo sọ fún dókítà.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun “expect” pé ẹ̀yìn tó wú yóò rọlẹ̀. Ó ní òun “hope” pé ẹsẹ̀ yóò ṣiṣẹ́. Ó ní òun “look forward” sí ọjọ́ tí bàbá yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá kí òun.

Orí mi dàrú. Ti àkọ́kọ́, ó dá a lójú bí omi tó wà lórí iná yóò ṣe hó. Ti èkejì, ẹni tó sáṣọ nígbà tójú ọ̀run ṣú ni. Ti ẹ̀kẹta, ó ti ń yọ̀ de nǹkan tí kò tíì dé. Mo mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ló bọ́ sí mi lẹ́nu.

“Ó ń retí ẹ̀ ni, Mama.”

“Èwo níbẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀.”

“Ó ń retí, ó ń retí, ó ń retí. Ta ló fẹ́ gbé e wá fún un?”

Ojú tì mí. “Ti ẹ̀yìn yẹn dá a lójú, Mama.”

“Ṣé ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń tẹ maṣíìnì ni?”

“Rárá o. Ti ẹsẹ̀, ó kàn wù ú ni. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀ ti ń dùn.”

“Sí ohun tí kò dá a lójú?”

“Mama, kò yé èmi náà.”

Mo ní kí dókítà là á yé wa. Ó tún fi “anticipate” lé e, ìrètí kẹrin. Ó ṣe mí bíi kí n fi fáìlì gbá a lórí.

Mama gbọ́wọ́ sókè. “Ọmọ mi, jẹ́ ká pa ìrètí tì. Bi í pé tó bá jẹ́ bàbá tiẹ̀, tó jẹ́ maṣíìnì bàbá tiẹ̀, kí ló máa ṣe?”

Mo bi í. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo fèrèsé, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Sell,” ló wí.

Mo fẹ́ la ẹnu, Mama dì mí lápá mú. “Má túmọ̀ ẹ̀. Ìyẹn yé mi.”

A jọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Yàrá ọkọ rẹ̀ kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó dúró.

“Kí ni kí n wá sọ fún un?” ló bi mí.

Èdè méjì ni mo gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú, a sì jọ wọlé tọ ọkọ rẹ̀ lọ.